Ìlà Keje Nínú Oko Eèsún

"Mítà mẹ́ta ó lé díẹ̀." Ohun tí ọmọbìnrin náà kọ síwájú ìlà keje nìyẹn, kò sì kúrò lórí àga nílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é níta. Ó kàn wo gíga tí wọ́n kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi díẹ̀ kún un, ó pa ìwé dé, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá oko.

Ọdún mọ́kànlá ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣa irú eèsún tó dára jù nínú oko ìwádìí kan. Irú èyí tí wọ́n á máa gé lọ́dọọdún, tí gbòǹgbò kan náà á tún máa rú jáde láì tún un gbìn, ni ó ń wá, kí wọ́n lè máa fi ṣe epo ọkọ̀. Ọdún yìí ni wọ́n fẹ́ mú irú kan lọ sí oko ńlá. Irú tó wà ní ìlà keje ni ìyá gbójú lé. Ẹsẹ̀ ló rọ́ ọ tó fi fa ọ̀pá ìwọ̀n lé ọmọ lọ́wọ́: "Ìwọ ni ojú mi lọ́sẹ̀ yìí o."

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tirẹ̀ ò lò ju ọjọ́ kan lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá oko gbé ìwé náà wá sílé.

"Màmá Eléèsún, ìlà keje yìí mà ga o!"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣebí mo sọ fún yín!"

"Àárọ̀ àná la gé e, kí ọmọ yìí tó ti ilé ìwé dé. Ohun tó kù ò dé orókùn mi. Àbí ó fò padà ni?"

Ìyá yíjú sí ọmọ. "Sọ fún wọn, ọmọ mi. O ṣi ìlà kà ni, àbí?"

Ọ̀nà àbáyọ rèé. Kó kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni ló kù. Àmọ́ ìyá rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ìyẹn ni kò lè fara dà.

"Màámi, mi ò dé inú oko rárá."

Ọ̀gá ò pariwo. Ó fa bíírò la ojú ìwé náà já. "Màmá, ẹ má bínú. A ò lè mú ìlà keje lọ́dún yìí. Ta ló mọ iye mìíràn tó tún jẹ́ irọ́ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀?"

"Ẹ má bínú, sà," ni ìyá wí fún ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń di ọ̀pá ìwọ̀n mú. Ó ṣe ọmọ bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

Ìyá ò nà án, kò sì bú u. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń tiro lọ sóko, ó ń wọn eèsún fúnra rẹ̀, ó ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ní kó di nǹkan kan mú.

Bí o ò bá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ, sọ pé o ò ṣe é. Bí o bá purọ́ pé o ṣe é, ẹni tó fọkàn tán ọ ló máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.