Ẹni Tó Dúró Níwájú Lotika

Bí Lotika ṣe jáde sí àgbàlá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá ọkọ rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, àwo ẹja sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹja fọ́n ká sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣà á.

"Èjìká wo lo gbé etí sárì yẹn kọ́?"

Lotika wo aṣọ gígùn tó ró mọ́ra. Èjìká ọ̀tún ni.

"Òkú la máa ń ró o fún báyẹn nílé yìí!" Khanto ni orúkọ ìyá náà. Opó ni, funfun báláú laṣọ rẹ̀, ìdì kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ etí aṣọ ọ̀hún sì ń dún wọnjanwọnjan bó ṣe ń sún mọ́ ọn. "Òsì là ń gbé e kọ́. Òkú nìkan la ń gbé e kọ́ ọ̀tún fún, kó má baà rántí ọ̀nà ilé mọ́. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Mo kọ́ ara mi ni, Màmá."

"Irọ́ ńlá! Wò ó bó ṣe rí, bí ẹni tí wọ́n ká sínú ẹní. Ẹ̀yìn ẹni ni wọ́n ń dúró kọ́ni ní sárì ríró, kí ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lè di ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ta ló dúró níwájú ẹ?"

Lotika fa etí aṣọ náà kúrò lọ́tùn-ún, ó gbé e kọ́ òsì.

Kò tíì pé oṣù kan tó dé Shantipur, ìlú ọkọ rẹ̀. Kolkata ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló ti bí Tuktuki, ṣòkòtò àti ẹ̀wù gígùn ló sì ń wọ̀ níbẹ̀. Ìyá tó bí i ti kú kó tó dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní sárì. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ rélùwéè ọkọ rẹ̀, Proshanto, lọ sí Assam, ọkọ ní kó máa gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá òun. Láti ọjọ́ tó ti wọlé, ojú rẹ̀ ti rí màbo. Ọjọ́ márùn-ún ló kù báyìí tí wọ́n máa fún Tuktuki ní ìrẹsì àkọ́jẹ lójú gbogbo ẹbí, Khanto sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un.

"Bó ò bá lè ró sárì bí ìyàwó ilé lọ́jọ́ náà, èmi ni màá gbé ọmọ sórí itan tí wọ́n bá ń fún un jẹ. Yàrá mi ló sì máa sùn láti alẹ́ ọjọ́ yẹn lọ. Obìnrin tí kò lè di aṣọ mú, ṣé ọmọ ló máa lè dì mú?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí Lotika sùn. Ìyẹn ló fi gba obìnrin kan tó ń wá lọ́sàn-án láyè.

Ọ̀sán gangan ni obìnrin náà máa ń wá, nígbà tí gbogbo ilé bá ti jẹun tí wọ́n sì sùn lọ, tí kannakánná pàápàá bá panu mọ́ lórí igi máńgòrò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Lotika dúró níwájú dígí gígùn tó wà lára kọ́bọ́ọ̀dù, ó wọ yẹ̀rì àti búláòsì, aṣọ ṣù jọ sí i lẹ́sẹ̀ bíi pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, ó sì ń sunkún. Ó nu ojú rẹ̀. Nígbà tó máa fi lajú, obìnrin kan ti wà láàárín òun àti dígí. Sárì pupa ló ró, ẹ̀gbà funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ tutù rinrin. Òórùn ara rẹ̀ dà bíi ti èédú gbígbóná tí wọ́n da omi pa.

"Ẹ má bínú, ta ni yín?"

"Ìyálé rẹ ni mí."

Lotika ò bèèrè ju ìyẹn lọ. Àwọn àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ ń gbé òdìkejì àgbàlá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti da àárín wọn rú láti ọjọ́ pípẹ́, ìyàwó ilé sì pọ̀ lọ́hùn-ún lọ jàra.

"Má sọ fún Màmá pé o rí mi," ni obìnrin náà sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ẹni tí ọ̀fun ń gbẹ. "Kò fẹ́ràn mi."

"Ṣé èmi ló wá fẹ́ràn?" ni Lotika dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló sọ wọ́n dọ̀rẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ tí ẹja fọ́n ká, Lotika fi ìbínú kò ó lójú.

"Àǹtí, ẹ kó bá mi! Ọ̀tún lẹ gbé tiyín kọ́, èmi náà sì gbé e síbẹ̀."

"Èmi ni mo wà lódì, ìwọ kọ́. Ṣe bí òjìji inú dígí. Bí mo bá gbé ọ̀tún, kí o gbé òsì. Máa wo ojú mi, má wo aṣọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, ojú kọ ojú. Wọ́n á ki aṣọ bọ ìbàdí, wọ́n á yí i ká ara, wọ́n á ká iwájú rẹ̀ ní ìká méje bí abẹ̀bẹ̀, wọ́n á wá gbé ìyókù kọ́ èjìká. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, obìnrin náà á fa etí aṣọ wá síwájú, á lọ́ ṣóńṣó rẹ̀ bí òwú àtùpà, á sì fi há ìbàdí. Lotika náà á lọ́ tirẹ̀. Tuktuki á máa wò wọ́n láti orí bẹ́ẹ̀dì, kò ní ké, kò sì ní ṣẹ́jú. Tí obìnrin náà bá lọ, ẹsẹ̀ ọmọ a tutù bí omi kànga, Lotika a sì fi ọwọ́ ra á títí á fi móoru.

"Ọ̀fẹ́ kọ́ o," ni obìnrin náà sọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Tó o bá mọ̀ ọ́n tán, wàá jẹ́ kí n gbé e."

"Ṣé ẹ̀yin ò bímọ ni?"

"Mo ní. A jọ lọ ni."

Lotika rò pé ìrìn àjò ló ń wí.

Nígbà tí ayẹyẹ ku ọ̀la, Khanto bá a létí kànga. Sárì náà gún régé. Ìyá wò ó láti èjìká dé ìsàlẹ̀, ó ti ya ẹnu èébú, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe bọ́ sí ìbàdí Lotika. Ó dúró sójú kan. Kọ́kọ́rọ́ pàápàá dákẹ́.

"Ta ló kọ́ ẹ kó o lọ́ etí aṣọ bí òwú àtùpà?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìyàwó, gbọ́." Kò fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ rí. "Tó bá di ọ̀la, má ró sárì. Ṣòkòtò tó o wọ̀ wá láti Kolkata, òun ni kó o wọ̀. Má sì dúró níwájú dígí yẹn mọ́."

"Lójú gbogbo ẹbí? Kí ló dé?"

Ìyá di ìdì kọ́kọ́rọ́ mú. Wọn kì í dárúkọ òkú nígbà tí ọmọ bá fẹ́ jẹ ìrẹsì àkọ́jẹ. Ohun kan sì tún wà tí wọ́n fi pa mọ́ fún àwọn ẹbí Lotika kí wọ́n tó fi ọmọ wọn fọ́kọ. "Má bi mí," ló sọ, ó sì lọ.

Lotika fojú tẹ̀ lé e, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀. Ẹni tó ń fi ṣòkòtò bú mi láti ọjọ́ yìí, òun ló wá ní kí n wọ̀ ọ́? Ọgbọ́n àtigba ọmọ mi ni. Kò ní rí i gbà!

Ní ọjọ́ ayẹyẹ, wọ́n ti ń fọn ìkarahun òkun bíi fèrè lágbàlá, òórùn ìrẹsì tí wọ́n fi mílíìkì sè gba ilé kan. Lotika gbé Tuktuki sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ilẹ̀kùn. Obìnrin náà ti wà níbẹ̀.

"Òní ló kẹ́yìn. Sún mọ́ mi. Sún mọ́ mi sí i."

Imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ìká kan, ìká méjì, títí dé méje. Wọ́n gbé aṣọ kọ́ èjìká, wọ́n lọ́ ṣóńṣó. Òógùn sọ̀ sí Lotika lójú, ó fẹ́ nù ún. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbéra. Ìgbà tí ọwọ́ obìnrin náà gbéra ni tirẹ̀ tó dìde. Ó fẹ́ pariwo. Obìnrin náà ló ya ẹnu, ni ẹnu tirẹ̀ náà bá là, kò sóhùn níbẹ̀. Ohun kan tó tutù tó sì ń dán kàn án níwájú orí.

Dígí ni. Inú rẹ̀ ló wà.

Obìnrin náà kẹ̀yìn sí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbé Tuktuki, ó sì ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó yíjú, ojú Lotika ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Khanto wọlé, fọ́tò eléruku kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò lè dákẹ́ mọ́. Proshanto ti fẹ́ ìyàwó kan rí kó tó fẹ́ ẹ. Shefali. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí nínú yàrá yìí, òun àti ọmọ. Òun nìkan ló máa ń lọ́ etí aṣọ báyẹn. Tó bá jẹ́ pé òun ló ń wá…" Ó gbójú sókè wo èjìká ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Òsì ni. Ó mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ o. Ìwọ ni." Ó fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ara rẹ mà tutù. Ó ya, ìyàwó mi àtàtà, wọ́n ń retí ọmọ."

Lotika rí fọ́tò náà kedere láti ibi tó wà. Ìyálé rẹ̀ ni. Ó wo èjìká ara rẹ̀. Ọ̀tún ni.

Tuktuki nìkan ló wẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ sí dígí, ó ké títí ìkarahun fi bo igbe rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà, obìnrin náà ń wá síwájú dígí láràárọ̀ wá ró sárì, tó bá sì gbé ọwọ́, dandan ni kí Lotika gbé tirẹ̀. Kò ṣàṣìṣe rí. Khanto ti gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ fún obìnrin náà, kò sì yé fi í yangàn láàárín àwọn aládùúgbò. Tuktuki ti ń sáré kiri báyìí. Àdúrà kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Lotika: kí ẹni tó máa kọ́ ọmọ òun ní sárì dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Lánàá, lọ́sàn-án, tí gbogbo ilé sùn, Tuktuki nìkan wọlé. Ó fa sárì kan wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé ara rẹ̀, ó sì dúró síwájú dígí. Ó wo Lotika lójú. Ẹnikẹ́ni ò tíì wò ó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà.

"Kọ́ mi," ni ọmọ wí.

Lotika fẹ́ mi orí pé rárá. Orí ò mì. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbé etí aṣọ.