Iṣẹ́ Tí Òkú Ò Rán Ọlọ́runyọmí

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ ni látòkèdélẹ̀. Tí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí ìyá mi má gbé fóònù mi mọ́ láéláé. Ìwọ tó o ti ń rẹ́rìn-ín yẹn, fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ wà nínú ẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọlọ́runyọmí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Pasadena, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ní Amẹ́ríkà, nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ epo tí iná orí wọn lè sun iṣu fún gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kì í mutí, kì í jalè, ọmọ choir ni. Irọ́ ni tiẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ́ irọ́ Yọmí sórí freeway, ó máa dé Dallas, á tún ṣẹ́ kù.

Màmá Lorene wà lára àwọn tó ń tọ́jú. Òyìnbó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Fọ́tò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn: àwọn ọ̀dọ́kùnrin tò síwájú ọkọ̀ òfúrufú gìrìwò kan, irú èyí tó ń ju bọ́ǹbù nígbà ogun Hítílà. Wendell, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, wà níbẹ̀; Màmá ti sọ fún Yọmí pé pápákọ̀ òfúrufú àwọn ọ̀tá ló lọ fọ́ tí ọkọ̀ ẹ̀ fi já.

Lọ́jọ́ kan tí Yọmí ń fún wọn lóúnjẹ, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó ní, "Màmá, ẹgbẹ́ ọmọ ogun yìí gan-an ni bàbá àgbà mi wà."

Màmá wo fọ́tò, wọ́n wo Yọmí. "Mi ò rí èèyàn dúdú kankan níbẹ̀."

"Àwọn ló ya fọ́tò náà, mà."

Ẹ gbọ́ nǹkan. Bàbá àgbà Yọmí, inú oko kòkó ni wọ́n wà ní Ìgbàjọ títí wọ́n fi kú. Ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n mọ̀ ò ju èyí tó ń kọjá lókè igi lọ. Ṣùgbọ́n Yọmí ti gbé wọn gòkè. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ńláńlá ṣú bo ojú ọ̀run, wọ́n ń lọ fọ́ pápákọ̀ òfúrufú àwọn ọ̀tá, kí ọkọ̀ ọ̀tá má lè gbéra mọ́. Ó ní ọta ìbọn ń ti ilẹ̀ bọ̀ bí òjò tó dorí kodò. Ó ní bàbá àgbà òun wà nídìí ìbọn nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé ti Wendell, wọ́n sì jọ ń gbọ́ ohùn ara wọn lórí rédíò títí ọkọ̀ Wendell fi gbiná.

Màmá di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Ṣé Wendell sọ nǹkan kan?"

Yọmí ò retí ìyẹn. Màmá wá tú ohun tí wọn ò sọ fún ọmọ inú wọn jáde. Ọjọ́ tí Wendell ń lọ sógun, inú bí wọn, torí ó fi àwọn nìkan sílẹ̀ fún bàbá wọn tó jẹ́ ọ̀mùtí. Nígbà tó ní kí òun dì mọ́ wọn, wọ́n ní, "Máa lọ. Má padà wá." Wendell àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ ju bọ́ǹbù sí pápákọ̀ yẹn, ọkọ̀ ẹ̀ já, kò sì padà wá lóòótọ́. Láti kékeré ni Màmá ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri bí ẹni tó di òkúta sínú aṣọ.

"Ṣé ó dárí jì mí?"

Yọmí ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní kí wọ́n sọ fún Lorene pé òun ò bínú."

Màmá sunkún títí tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Yọmí wá sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí àwọn lọ́jọ́ Sunday.

Yọmí jáde síta, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Irọ́ tó ń pa kí wọ́n lè rò pé òun jẹ́ nǹkan, ó ti wọ inú ọkàn arúgbó lọ, ó ti tẹ́ ẹní síbẹ̀.

Tòkunbọ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Deer Park, ló máa ń fi mọ́tò gbé e relé. Ó ní, "Yọmí, kí ló pa ẹ́ lẹ́nu mọ́? Ṣé eyín ń dùn ẹ́ ni?"

Yọmí sọ ọ́ fún un. Ó rò pé Tòkunbọ̀ máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣebí mo tù wọ́n nínú ni," Yọmí ní.

"Ta ló rán ẹ? Wendell ò rán ẹ. Bàbá àgbà ẹ tó wà ní sàréè ò rán ẹ. O fún arúgbó ní ìdáríjì tí ò sẹ́ni tó fi rán ẹ. Tí wọ́n bá gbé e dé iwájú Ọlọ́run ńkọ́?"

"Tòkunbọ̀, ọmọ choir ni mí."

"Sátánì náà mọ orin."

Wọ́n dé iwájú apartment Yọmí ní Westchase, kò sọ̀ kalẹ̀. "Kí ni kí n wá ṣe?"

"Jésù kú fún òpùrọ́," Tòkunbọ̀ ní. "Ṣùgbọ́n o ò lè fi ọwọ́ kan di irọ́ mú kó o fi ìkejì di òun mú. Ju ìyẹn sílẹ̀."

Yọmí gbé orí lé eékún. Ó ní, "Jésù, òpùrọ́ ni mí." Ìyẹn ni àdúrà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀ tí ò bu irọ́ mọ́.

Nígbà tó padà síbi iṣẹ́, kí Sunday tó pé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú bẹ́ẹ̀dì Màmá. Delight, nọ́ọ̀sì tí wọ́n bí sí Houston níbí, sáré wọlé. "Uncle Yọmí, ṣé ẹ ṣubú ni?"

"Mo ti ṣubú tipẹ́. Fi mí sílẹ̀." Ó wá ní, "Màmá, irọ́ ni mo pa. Àgbẹ̀ ni bàbá àgbà mi. Mi ò mọ ohun tí Wendell sọ."

 Ojú ti Yọmí débi pé tí kápẹ́ẹ̀tì bá ṣí, abẹ́ ẹ̀ ló máa wọ̀. Ó ní, "Ti Wendell, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà, nígbà tí wọ́n ń pa á lọ, àwọn tó dúró níbẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní, 'Baba, dárí jì wọ́n.'"

Màmá kọjú sí ògiri. "Kúrò níwájú mi."

Yọmí lọ fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún ọ̀gá ẹ̀. Ọ̀gá bú u, kò lé e. Ṣùgbọ́n Delight ló ń fún Màmá lóúnjẹ báyìí. Tí Yọmí bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, orí ẹ̀ á wálẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Màmá tó ní kí wọ́n pè é. Wọn ò wo ojú ẹ̀. "Ẹni tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn. Tún un sọ."

Yọmí tún un sọ.

"Ṣé o ò bù mọ́ ọn?"

"Rárá, mà."

"Ṣé mo wà lára àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún yẹn?"

"Àwa méjèèjì, mà."

Màmá na ọwọ́ sí i, wọ́n sì la ẹnu fún ṣíbí.

Ìwọ ńkọ́? Irọ́ tìẹ lè má ní ọkọ̀ òfúrufú nínú. Ó lè jẹ́ èyí tó ò ń pa fáwọn ará ilé lórí fóònù pé o ti di ọ̀gá ní Amẹ́ríkà. O mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run náà mọ̀ ọ́n. Má dúró dìgbà tó bá mú arúgbó sunkún. Lónìí, níbi tó o wà yìí, sọ fún Jésù pé, "Òpùrọ́ ni mí." Má bù mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó fún ẹ.

Mo ṣì ní in lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọn tí mò ń sọ ọ́ fún ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní, "A ti gbọ́. Máa lọ sílé, kí àwa náà lè bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀."