Èkuru Tí Lọ́yà Jethro Ní Kí Wọ́n Má Jẹ

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fi àga sílẹ̀, ẹ wá jókòó sórí ẹní, kí etí lè súnmọ́ ẹnu. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé orin kàn ń bọ́ lẹ́nu mi ṣáá. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo gbé wá, ọkùnrin tí ìlara fún lọ́rùn, tí Jésù sì tú okùn náà.

Jethro ni orúkọ rẹ̀, lọ́yà ni ní Yaba. Bí ó bá wọ aṣọ dúdú, tí ó dé wíìgì, tí ó dìde ní kóòtù, ẹlẹ́rìí a máa làágùn. Wọ́n ní ó lè fi ìbéèrè bó ènìyàn bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, àga iwájú gan-an ni ó ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní àga iwájú lè jìnnà sí Jésù.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Adéwùnmí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n di lọ́yà, kóòtù kan náà ni wọ́n ti ń jà. Nígbà tó yá, Adéwùnmí fi aṣọ dúdú kọ́ ògiri. Ó gba yàrá ní Sábó, ó ní láti òní lọ, iṣẹ́ òun ni kí òun máa bá àwọn tó ń jà parí ìjà. Wọ́n á jókòó yí tábìlì kan ká, oníkálùkù á sọ ti inú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò borí, kò sí ẹni tí yóò fìdí rẹmi.

Jethro rẹ́rìn-ín. "Lọ́yà tí kò lè jà mọ́ ní í di onílàjà," ni ó ń wí kiri. "Ẹ bá mi kí bàbá àgbà àdúgbò o!"

Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wọ́ lọ sí Sábó. Bí Jethro bá ń wakọ̀ kọjá, yóò rọra tẹ bíréèkì, yóò yọjú wo ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Sálúbàtà á kún ibẹ̀ bíi ti ilé ìkómọ. Àwọn tó fi ìbínú wọlé ń di ara wọn lọ́wọ́ mú jáde, wọ́n ń ṣàdúrà fún Adéwùnmí. Ta ló ṣàdúrà fún Jethro rí? Ẹni tó bá bá ro ẹjọ́ tó jàre a kí i, ẹni tó bá jẹ̀bi a ṣépè fún un.

Bí ìlara ṣe wọlé nìyẹn. Bí ó bá ti gbọ́ orúkọ Adéwùnmí, ọ̀fun rẹ̀ a dí. Ìyàwó rẹ̀ á gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, òun á kàn máa fi ṣíbí tú u káàkiri. "Kí ni ó fi jù mí lọ?" Orin àárọ̀ rẹ̀ nìyẹn, orin alẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn.

Wàyí o, Jethro ń bá ìyá kan ro ẹjọ́, Gertrude, aránṣọ ní Surulere. Òun àti àbúrò rẹ̀, Rùkáyàt, ni wọ́n ń fa ilé bàbá wọn ní Èbúté Mẹ́ta. Bàbá kan ló bí wọn, ìyá ló yàtọ̀. Ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ń lọ mọ́ṣáláṣí, ìyẹn kò sì dí ìfẹ́ wọn lọ́wọ́ rí nígbà ayé bàbá. Gertrude fẹ́ ta ilé náà. Rùkáyàt àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé inú rẹ̀. Adájọ́ wò wọ́n, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gbìyànjú ìlàjà. Ọ̀dọ̀ ta ni ó rán wọn sí? Ọ̀dọ̀ Adéwùnmí!

Jethro rò ó wò. Bí ìjà yìí bá parí lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, gbogbo Yaba ni yóò gbọ́. Ó pe Gertrude sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mọ́mì, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú yín níbẹ̀, ẹ má fi kan ẹnu. A kì í bá ẹni tí a ń bá ṣẹjọ́ jẹun. Ṣé ẹ mọ ohun tó lè wà nínú rẹ̀ ni?"

Ẹ ò rí nǹkan! Òfin kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, ìlara ni.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n jókòó yí tábìlì Adéwùnmí ká, Jethro wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gertrude. Adéwùnmí kò pariwo, ìbéèrè kéékèèké ló ń bi wọ́n. "Kí ni Bàbá máa ń fi pè yín?" Gertrude sunkún, Rùkáyàt sunkún. Kò pẹ́, ọ̀nà là: Rùkáyàt á máa gbé inú ilé, Gertrude á gba ṣọ́ọ̀bù iwájú, á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síbẹ̀. Kò sí títà mọ́.

Rùkáyàt ṣí abọ́ tó gbé wá. Èkuru ni, funfun báláú, ata dídín ń ta sánsán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oúnjẹ tí bàbá wọn fẹ́ràn jù.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́. Ẹ rántí, Bàbá ní a kì í fi ẹnu òfìfo parí ìjà."

Gertrude na ọwọ́. Ó wo ojú Jethro. Ó fa ọwọ́ padà.

"N ò jẹ."

"Kí ló dé, Àǹtí?"

"Mo ní n ò jẹ! Lọ́yà mi ti kìlọ̀ fún mi."

"Ó kìlọ̀ pé kí ni?" Ojú Rùkáyàt pọ́n. "Pé mo fi májèlé sí i? Èmi tí ẹ pọ̀n dàgbà!" Ó dé abọ́ rẹ̀ pà. "Ó tán. Ẹ jẹ́ ká padà sí kóòtù."

Jethro ti rí ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n Gertrude yíjú sí i, omi ń dà lójú rẹ̀. "Lọ́yà, ẹ má bínú o. Ṣé nítorí mi lẹ ṣe sọ ọ̀rọ̀ yẹn, àbí nítorí ara yín?"

Ọkùnrin tó ń fi ìbéèrè bó gbogbo ayé kọ ẹ̀yìn sí i. Ó jáde sẹ́nu ọ̀nà, sí àárín àwọn sálúbàtà tí Jethro ti ń jowú látijọ́. Adéwùnmí tẹ̀lé e.

"Má wàásù fún mi," ni Jethro wí.

"Èmi náà ti jowú rẹ rí."

"Ìwọ? Jowú èmi?"

"Nígbà tí ò ń borí mi ní kóòtù, mo gbàdúrà kí ohùn rẹ há. Onígbàgbọ́ ni mo sì pe ara mi o! Jésù ló gba ìlara yẹn lọ́wọ́ mi. Mo rí i pé ẹjọ́ wà láàárín èmi àti Ọlọ́run, mo jẹ̀bi, n ò sì ní àwíjàre. Ọlọ́run tí mo ṣẹ̀ náà ló rán Ọmọ rẹ̀ wá làjà, Ó sì fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ parí ìjà. Jethro, ìwọ tí ò ń bá gbogbo ènìyàn ro ẹjọ́, ta ni yóò bá ọ ro tìrẹ?"

Orúnkún Jethro kanlẹ̀ láàárín sálúbàtà. "Olúwa, mo jẹ̀bi. Èmi gan-an ni májèlé tó wà nínú oúnjẹ yẹn. Jésù, gbà mí."

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn obìnrin méjèèjì. "Irọ́ ni mo pa mọ́ Àǹtí Rùkáyàt. Ọ̀rẹ́ mi ni mo ń jowú. Ẹ fún mi lára èkuru yẹn, kí n kọ́kọ́ jẹ."

Rùkáyàt tún ṣí abọ́ rẹ̀. "Ata rẹ̀ ń ta o, Lọ́yà."

"Ẹ jẹ́ ó ta mí, ó tọ́ sí mi."

Ó jẹ ẹ́. Ọ̀fun tó ti dí láti ọjọ́ yìí wá, èkuru gba ibẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́! Gertrude bú sẹ́rìn-ín nínú ẹkún, Rùkáyàt sì fi òkèlè sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu bí ẹni ń bọ́ ọmọ. Ẹ bá mi gbè é:

Mo jowú, jowú, ọ̀fun mi dí,
Jésù dé, ọ̀fun mi là;
Oúnjẹ tí mo kọ̀ lánàá,
Mo ti jẹ ẹ́, mo yó o!

Jethro náà fi aṣọ dúdú kọ́ ògiri. Ẹ̀gbẹ́ Adéwùnmí ló ń jókòó sí báyìí, tí ó ń bá wọn parí ìjà. Bí àlejò bá dé, òun ló ń to sálúbàtà wọn, bí wọ́n bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni inú rẹ̀ ń dùn sí i.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Orúkọ ta ni ò ń gbọ́ tí ọ̀fun rẹ ń dí? Ọmọ ìyá rẹ ni? Aládùúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé ni? Má sọ pé kékeré ni. Ẹjọ́ rẹ wà níwájú Ọlọ́run, o kò sì lè jàre fúnra rẹ. Olùlàjà ti dé, ọwọ́ Rẹ̀ tí ìṣó lu ni Ó nà sí ọ. Má dúró dọ̀la, ta ló ni ọ̀la? Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn. Sọ fún Un pé, "Mo jẹ̀bi, gbà mí." Yóò gbà ọ́ lónìí.

Lọ́jọ́ yẹn ní Sábó, kò sí ẹni tó gbé ebi délé, kò sì sí ẹni tó tún dárúkọ kóòtù. Rùkáyàt gbé abọ́ òfìfo, Gertrude bá a di ìdérí mú, wọ́n jọ ń fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Jethro délé, ó ní kí ìyàwó òun tún bu oúnjẹ wá. Ìwọ náà, wá jẹ lọ́dọ̀ Jésù, kí o yó, kí o tó máa lọ sílé.