Ilà Tí Kò Pàdé

"Bàámi! Èmi ni wọ́n ní kí n dá orin kọ ní ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ṣakí!"

Mo ń pariwo, mo sì ń hun aṣọ lọ. Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ mi ń jó lórí ìtẹ̀sẹ̀ òfì. Bàbá mi rẹ́rìn-ín.

"Olórin, rọra o. Aṣọ ìyàwó nìyẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Aṣọ Àǹtí Sodiqat, aládùúgbò wa ní Ìsẹ́yìn, ni. Sátidé ni wọ́n máa so yìgì wọn, Sátidé yẹn náà sì ni ìpàdé Ṣakí, láti Jímọ̀ sì ni ọkọ̀ ìjọ ti máa gbéra. Èyí ni aṣọ àkọ́kọ́ tí bàbá mi fi lé èmi nìkan lọ́wọ́. Àmọ́ orin ti gbà mí lọ́kàn. Mo ní iṣẹ́ Ọlọ́run ń dúró dè mí, òwú lásán sì lèyí. Mi ò gbá òwú mọ́ra dáadáa mọ́, mi ò sì fi igi ìwọ̀n wọn àárín ilà kan sí èkejì. Mo ṣáà ń sáré.

Láàárọ̀ Jímọ̀, a gé aṣọ náà sí fọ́nrán-fọ́nrán, a tò wọ́n kí a lè rán wọn pọ̀. Ilà pupa ti fọ́nrán kan wà lókè, ti èkejì wà nísàlẹ̀. Fọ́nrán mẹ́ta ni mo ti bà jẹ́!

Àǹtí Sodiqat wọlé, wọ́n wo aṣọ náà, wọ́n bi mí pé: "Fọlákẹ́mi, ṣé èyí ni mo máa wọ̀ lọ́la?"

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un hun," ni mo wí. "Ọkọ̀ ìjọ ti fẹ́ gbéra. Iṣẹ́ Olúwa ni mo ń lọ ṣe."

"Ta ló wá fún ọ ní iṣẹ́ òfì?" ni bàbá mi bi mí. "Kí Ádámù tó dẹ́ṣẹ̀ rárá ni Ọlọ́run ti fi í sínú ọgbà pé kó máa ro ó. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn, kò sí ẹgbẹ́ akọrin. Bó o bá kọrin fún Olúwa, tó o wá hun jákujàku fún ọmọ rẹ̀, kí lo kọ? Ìwọ lo ni iṣẹ́ yìí. Yan èyí tó o máa ṣe."

Ọkọ̀ fọn fèrè níta. Mo sunkún, àmọ́ mo ní kí wọ́n máa lọ.

Mo jókòó sídìí òfì. Bàbá mi ń ká òwú fún mi. Mo ń wọn ilà kọ̀ọ̀kan, mo ń gbá òwú mọ́ra, mo sì ń gbàdúrà fún ìyàwó tó máa wọ̀ ọ́. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ayọ̀ ti kún inú mi! Nígbà tílẹ̀ fi máa ṣú, a ti rán wọn pọ̀, ilà pàdé ilà, géérégé.

Ẹlòmíràn ló kọ orin mi ní Ṣakí. Ó dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi yìgì, ìyá àgbà kan ń fi ọwọ́ pa aṣọ Àǹtí Sodiqat, wọ́n ń wá ojú ibi tí a ti rán an, wọn ò rí i. "Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ tó hun èyí," ni wọ́n wí.

Mo ṣe "Àmín" sókè ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan la ti ń sin Ọlọ́run. Iṣẹ́ tó bá fi sí wa lọ́wọ́, tirẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ẹni pé òun gan-an ló máa wọ̀ ọ́.