Ìtọ̀ Ẹlẹ́jẹ̀ Tí Kò Dun Bàbá Mùsílíù

Kùdírátù aláró, ní Ṣàpọ́n, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ aṣọ Jímọ̀ ọkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 1986, bó ti ń fọ ṣòkòtò funfun kan nínú wọn, ó rí àbàwọ́n pupa lára rẹ̀.

"Bàbá Mùsílíù, kí lèyí?"

Sàlàhúdíìnì, ọkọ rẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Aró rẹ ni."

"Aró tèmi, dúdú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré."

Ọkọ rẹ̀ wolẹ̀. Ó ní òun ti tọ ẹ̀jẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò dun òun rárá. Òun ra oògùn ní kẹ́mísì, ẹ̀jẹ̀ sì dá, kó tún tó yọjú. "Àtọ̀sí ajá lásán ni. N ò fẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú ni."

"Ó ti dàrú báyìí," ni Kùdírátù wí. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ Harriet, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ládùúgbò wọn.

Harriet gbọ́ tán, ó ní, "Bàbá, pé ẹ̀jẹ̀ dá kò túmọ̀ sí pé àìsàn ti lọ. Ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ. Ó lè jẹ́ àtọ̀sí ajá tí kòkòrò inú odò ń fà lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ."

Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan n'Íbàdàn. Wọ́n gún Sàlàhúdíìnì lábẹ́rẹ́ oògùn tó ń gba inú kíndìnrín kọjá, wọ́n sì ya fọ́tò inú rẹ̀. Dókítà Olújìmí gbé fọ́tò náà síwájú iná.

"Ẹ wo ibi tí oògùn ò dé yìí. Nǹkan hù síbẹ̀, lójú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà kúrò nínú kíndìnrín."

"Bí ibi tí a fi okùn so lára aṣọ, tí aró ò lè wọ̀," ni Kùdírátù wí jẹ́jẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà. Ó jọ jẹjẹrẹ. A ní láti yọ kíndìnrín yẹn àti ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ kó tó ràn. Èyí tó kù á máa ṣiṣẹ́ fún wọn."

Lórí bẹ́ńṣì níta, Sàlàhúdíìnì ní, "Ìyá Mùsílíù, bí mi ò bá jí ńkọ́?"

"Ẹ ó jí, ínṣà Allāhù. Èmi lẹ ó kọ́kọ́ rí."

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Kùdírátù náà ló kọ́kọ́ rí.

Dókítà kìlọ̀ pé kó fi sìgá sílẹ̀, kó sì máa padà wá fún àyẹ̀wò, nítorí irú nǹkan yìí lè tún hù nínú àpò ìtọ̀. Kùdírátù gba sìgá lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní orógbó.

Lọ́dún kejì, ara Sàlàhúdíìnì ti le, ó ní òun ò lọ mọ́.

"Ẹ sin mí lọ ra aṣọ n'Íbàdàn nígbà náà," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ọkọ rẹ̀ mọ ibi tó ń mú òun lọ, ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ lé e.

Dókítà fi ọ̀pá tín-ín-rín tó ní iná lórí gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọ inú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ó rí èèhù kékeré kan bí hóró ọkà bàbà. Ọ̀pá yẹn náà ló fi gé e kúrò, wọn ò la ikùn rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà sí ìsọ̀ tó ti ń ta aṣọ ní Ìtòkú.

"Ká ní mo jókòó sílé ńkọ́?" ló bi Kùdírátù.

"Ta ni ì bá jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó?"

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tó bá tọ ẹ̀jẹ̀, kódà lẹ́ẹ̀kan péré, kódà láìsí ìrora, kó lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi oògùn kẹ́mísì bò ó mọ́lẹ̀, ẹ má sì rò pé ẹ̀jẹ̀ tó dá ti di ìwòsàn. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, kó má pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ: àrùn tí a bá tètè rí, ọ̀pá tín-ín-rín lè yanjú rẹ̀ láìsí pé a la ikùn. Bí ẹni yín bá sì ń fi í pamọ́, ẹ fi ìfẹ́ bi í, kẹ́ ẹ sì bá a lọ.