Obìnrin Inú Ojú Òsì

Ẹsẹ̀ méjì àti etí méjì ni Àwòdì kọ́kọ́ rí lára Atúnṣe. Tẹlifíṣọ̀n ńlá tó gbé mọ́yà ti bo gbogbo ìyókù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n gbé e sí?"

"Sórí tábìlì, kó tó já lé ọ lẹ́sẹ̀."

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ò ń rí àbùkù gbogbo nǹkan?"

"Ti tẹlifíṣọ̀n ni mò ń rí. Tìrẹ ṣì kù."

Ojú rẹ̀ tó mú ni wọ́n ṣe ń pè é ní Àwòdì. Àwọn tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ wọn ń gbé àwòrán yọ síta bíi pé èèyàn lè fọwọ́ kàn án. Àwòrán méjì ló wà nínú wọn, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, ọ̀kan fún ojú òsì. Bí tẹlifíṣọ̀n kò bá dáa, ti òsì á jò sí ọ̀tún, òjìji á sì yọ. Àwòdì á wọ awò ojú tí wọ́n fi ń wò ó, á fọwọ́ bo ojú òsì, á máa wá òjìji náà. Atúnṣe ló ń fi àwòrán sí i, òun náà ló ń tún èyí tí kò dáa ṣe.

Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Bàbá Àwòdì ní kí Atúnṣe wá kí òun ní Sátidé.

Ọjọ́bọ̀ ni Àwòdì ń wo àwòrán ilé funfun kan, ló bá rí òjìji obìnrin lára ògiri rẹ̀: ìpàkọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, àmì dúdú kékeré lábẹ́ irun. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Oúnjẹ ọ̀sán tí Àwòdì gbé wá, kò fẹnu kàn án. Ó pe bàbá rẹ̀ pé àlejò ò wá mọ́. Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò: "Òjìji wà. Obìnrin ni. Kí ẹni tó ni ín wá gbé e."

"Ta ni?" ló bi Atúnṣe.

Atúnṣe họrí. "Kò yẹ kó o rí i."

"Mo mọ̀ pé kò yẹ. Ṣé ó rẹwà jù mí lọ ni?"

"Ẹ dọ́gba."

Àwòdì gbé báàgì rẹ̀. Ìyá Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ náà ti ka ìwé àyẹ̀wò náà, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, padà. Ojú ọ̀tún ni kó o bò báyìí."

Àwòdì fi ìbínú bò ó. Àwòrán náà mọ́ kedere. Fọ́tò tí Ìyá Ọ̀gá yà láti ẹ̀yìn ni, lọ́jọ́ tí tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ tàn. Obìnrin náà jókòó sórí àga tó ya lẹ́yìn, àga tí Àwòdì ń jókòó lé lójoojúmọ́.

"Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí," ni Ìyá Ọ̀gá wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Atúnṣe rọra fìka kan ìsàlẹ̀ irun Àwòdì. "Ibí ni àmì náà wà. Bí mo bá ń tún un ṣe, ojú òsì ni mo fi ń wò."

Ojú ti Àwòdì, inú rẹ̀ sì dùn. Ó pe bàbá rẹ̀ padà pé àlejò ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ó pa ohun tó kọ rẹ́, ó kọ òmíràn:

"Òjìji ṣì wà. Kí Atúnṣe tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Kó má yọ àwòrán náà kúrò."