Ọta Tó Wọ Kíláàsì Míìsì Wirth

Atẹ́gùn tútù ló kọ́kọ́ kan Arlene Wirth lójú nígbà tó ṣílẹ̀kùn kíláàsì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeé. Ó rò pé ẹnì kan gbàgbé láti ti fèrèsé. Gbogbo fèrèsé ló wà ní títì. Ihò kan ló wà lára gíláàsì tó kọjú sí pápá ẹ̀yìn ilé ìwé, kò tóbi ju ẹyọ àgbàdo lọ, gíláàsì tó yí i ká sì ti sán kiri. Ó wo ọ̀kánkán ihò náà lára ògiri òdìkejì. Ọta ìbọn ti wọlé síbẹ̀, lábẹ́ àwọn àwòrán tí àwọn ọmọ yà, níbi tí orí ọmọ ọdún mẹ́jọ máa ń dé tó bá dìde dúró.

Míìsì Wirth kò pariwo. Ó dá gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ padà, ó sì pe ọlọ́pàá.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti mú ẹnì kan. Micah Bellamy ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Oṣù Kẹjọ ni òun àti ìyá rẹ̀ kó wá sí Corliss Fork láti Philadelphia. Ilé ìwé kan ṣoṣo ló wà nílùú náà, ọmọ kékeré àti ọmọ ńlá ló ń lò ó. Adájọ́ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ Micah lọ́jọ́ Fúráìdè. Bí ó bá gba ẹjọ́ náà gbọ́, ẹ̀wọ̀n àwọn àgbàlagbà ni wọ́n máa fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí.

Ìjọba ìpínlẹ̀ rán ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wá, Marlene Hudak. Obìnrin kúkúrú ni, kì í rẹ́rìn-ín kí inú ẹlòmíràn lè dùn. Garvin Noll, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, kò fẹ́ rí i rárá.

"Ẹ ti pẹ́ jù, màdáámù," ni Noll wí. "Ọ̀rọ̀ ti parí."

"Ta ló parí ẹ̀?"

"Ọmọ yẹn fúnra ẹ̀. Ó wá sílé ìwé ní Mọ́ńdè. Mọ́ńdè! Ta ló ń lọ sílé ìwé ní Mọ́ńdè ọdẹ?"

Òótọ́ ló sọ. Mọ́ńdè tó bá tẹ̀lé Àjọ̀dún Ìdúpẹ́ ìparí oṣù Kọkànlá, ilé ìwé Corliss Fork kì í ṣí. Ọjọ́ tí ọdẹ àgbọ̀nrín ń bẹ̀rẹ̀ ni. Bàbá, ìyá, tíṣà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, inú igbó ni gbogbo wọn ń wà, pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ ọsàn lórí. Ẹnikẹ́ni kì í kéde rẹ̀. Ta ló ń kéde fún èèyàn pé Kérésì ń bọ̀ lóṣù Kejìlá?

"Ta ló rí i níbẹ̀?" Hudak bi í.

"Denton Strayer. Ọmọ ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni, òun náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní òfin ìbọn. Ó ń wakọ̀ kọjá lójú títì, ó rí ọmọ yẹn lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já wọn sí. Ó tiẹ̀ rí báàjì ara báàgì ẹ̀, báàjì kékeré aláwọ̀ ìyeyè, ẹja ni wọ́n yà sí i. A sì bá a lára báàgì náà. Ẹlẹ́rìí tó lójú nìyẹn."

"Ìbọn ńkọ́?"

"Á ti jù ú sódò. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé oúnjẹ ilé ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní wọ́n á rí i. Kí lẹ tún ń wá?"

"Ìbọn," Hudak dáhùn.

Micah jókòó sínú àtìmọ́lé, ó ká ẹsẹ̀ sókè. Odessa, ìyá rẹ̀, dúró tì í pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó ń wọ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

"Kí lo wá ṣe nílé ìwé?" Hudak bi ọmọ náà.

"Mo wá kàwé. Bọ́ọ̀sì ò dé, mo bá fẹsẹ̀ rìn. Mo lu ilẹ̀kùn títí, mo wá jókòó, mo jẹ búrẹ́dì mi. Mo rò pé èmi ni mo tètè dé."

"Ó rò pé òun tètè dé," ni Noll tún un sọ lẹ́yìn wọn, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rín dáadáa," ni Odessa wí. "Èmi náà ò mọ̀. Mo ti lọ síbi iṣẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Nílùú wa, wọn kì í ti ilé ìwé nítorí ẹran. Ẹni tó bá gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ọ̀gá ọlọ́pàá."

"Wọ́n ní wọ́n rí ọ tó ò ń sáré lọ sílé. Kí ló dé tó o fi sáré?" Hudak bi Micah.

"Mo ń gbọ́ ìbọn láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni. Mo ti yí igun ilé, mo fẹ́ máa lọ, ni ọ̀kan bá dún lẹ́yìn mi gan-an. Mo sáré délé, mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Ẹni tí kò jẹ̀bi kì í sá," ni Noll wí.

"Tí ìbọn bá dún lẹ́yìn yín, ẹ dúró kí i," Odessa dá a lóhùn.

Bí wọ́n ṣe jáde, Noll sọ pé bí kò bá ṣe ọmọ yẹn, a jẹ́ pé Míìsì Wirth ló yìn ín fúnra rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeé, ìgbìmọ̀ máa dìbò bóyá kí àwọn tíṣà máa gbé ìbọn. Strayer ló gbé àbá náà wá, òun ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe olùkọ́ wọn. Míìsì Wirth ló ń ta kò ó jù. Hudak bá a níbi tó ti ń kó àwọn ìwé ọmọ kúrò nínú kíláàsì.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ yìn ín, kẹ́ ẹ lè fi dẹ́rù ba ìgbìmọ̀, kí wọ́n má dìbò fún ìbọn."

"Ẹ sọ fún wọn pé mi ò mọ ìbọn-ọ́n yìn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ gbé e." Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Ọmọ méjìlélógún ló ń dì mọ́ mi ní ìbàdí lójoojúmọ́. Ẹ bi Strayer wò, ọwọ́ ta ni ìbọn ìbàdí mi máa kọ́kọ́ bọ́ sí? Mo ní kí wọ́n fún wa ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì láti inú. Mo ní kí wọ́n gba ẹnì kan tí àwọn ọmọ lè máa bá sọ̀rọ̀. Ọdún kẹta rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ mi."

Strayer ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín sí Hudak. Inú gáréèjì rẹ̀ ló wà, àgbọ̀nrín ńlá kan so rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Gbogbo ìlú ti wá wò ó.

"Orí Òkè Stony ni mo ti pa á," ni Strayer wí. "Ọta kan. Àwa níbí, ọta kan, ẹran délé. Ọta méjì, bóyá. Ọta mẹ́ta, kí ìyàwó ẹni lọ se ẹ̀wà."

Hudak wo ẹran náà. Ọta ti gba ìhà ọ̀tún wọlé, ó sì gba ti òsì jáde. "Ọta náà ńkọ́?"

"Ó ti wọlẹ̀. Ta ló ń wá ọta lórí òkè?"

"Micah ńkọ́?"

"Àánú ìyá ẹ̀ ń ṣe mí, àmọ́ ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Mo ti ń wí fún wọn láti ọdún tó kọjá pé nǹkan ń bọ̀. Wọ́n ní mo fẹ́ràn ìbọn jù. Ó ti dé báyìí, àbí kò dé?"

"Ó dé," ni Hudak wí.

Ó wakọ̀ lọ sí ojú títì tí Strayer sọ, ó sì bọ́ sílẹ̀. Iwájú ilé ìwé àti òpó àsíá nìkan ló rí. Odindi ilé náà ló bo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó rìn yípo dé inú pápá. Àwọn ẹyẹ dúdú ń jà létí igbó, ó lọ bá wọn níbẹ̀. Ìfun àgbọ̀nrín ni wọ́n ń jà lé lórí, òkìtì kan tí òtútù ti sọ di líle, pẹ̀lú ipa ohun tí wọ́n wọ́ lọ sínú igbó. Hudak dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì yíjú padà. Fèrèsé Míìsì Wirth wà níwájú rẹ̀ tààrà. Ó bu díẹ̀ lára ohun tí àwọn ẹyẹ ṣẹ́ kù, ó fi ránṣẹ́ sílé àyẹ̀wò, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí lára ọta tí wọ́n yọ nínú ògiri.

Ní Tọ́sìdeé, gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ìwé kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ráyè ṣe àdúrà.

"Tí tíṣà bá ní ìbọn lọ́wọ́, ta ló jẹ́ wọlé wá?" ọkùnrin kan bèèrè.

"Ọmọ mi ò ní jókòó sí kíláàsì tó ní ìbọn," obìnrin kan dá a lóhùn.

"Kó wá jókòó sí kíláàsì tó ní ihò. Òkú ọ̀lẹ."

"Èmi lò ń pè lọ́lẹ, ìwọ tó ò rí iṣẹ́ ṣe láti ọdún mẹ́ta?"

Arábìnrin Hetrick, alága ìgbìmọ̀, lu tábìlì. Odessa dá jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn. Àga tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ ṣófo, ti òsì náà ṣófo.

Strayer dìde. Ó sọ pé Ọlọ́run ló fi àánú fi ihò náà hàn wọ́n, kò jẹ́ kó jẹ́ òkú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Hudak dúró kí àtẹ́wọ́ náà tán, ó sì rìn bọ́ síwájú.

"Ọ̀gá Strayer, òfin wo lẹ kọ́kọ́ máa ń kọ́ àwọn ọmọ?"

"Kí wọ́n má kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí wọn ò fẹ́ pa." Àwọn kan nínú àwọn ará ìlú bá a sọ ọ́ pọ̀, torí òun ló kọ́ àwọn náà.

"Níbo lẹ wà tẹ́ ẹ fi rí báàjì Micah?"

"Lójú títì. Mo ti sọ ọ́."

"Mo dúró lójú títì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò hàn níbẹ̀."

"Ó ṣeé ṣe kí n ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Mi ò rántí mọ́."

"Mo dúró létí igbó náà. Mo ní kí Noll mú báàgì yẹn dání lẹ́nu ilẹ̀kùn. Noll gan-an, agbára káká ni mo fi mọ̀ pé òun ni. Báwo lẹ ṣe rí ẹja tó wà lára báàjì?"

Ọdẹ ni gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀, gbogbo wọn ló mọ ohun kan ṣoṣo tí ọdẹ máa ń gbé dání tó lè sún ẹja yẹn mọ́ ojú. Ọkùnrin tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan wolẹ̀.

"Awò orí ìbọn," ni Hudak wí. "Ẹ kọ ìbọn tí ọta wà nínú ẹ̀ sí ọmọ yìí, ẹ ń wo báàjì ara báàgì ẹ̀."

"Mo fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́ ni. Ìka mi ò sí lórí ohun tá a fi ń yìn ín."

"Lẹ́yìn náà ọmọ yí igun ilé, àgbọ̀nrín jáde, ìka yín sì dé orí ẹ̀."

Hudak kọjú sí gbọ̀ngàn. "Ẹ ní ọmọ yìí fẹ́ pa yín lọ́mọ. Ẹni tó fẹ́ pa ọmọ yín ò ní wá lọ́jọ́ tí ilé ìwé ṣófo. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé ó ṣófo ò ní gbé oúnjẹ ọ̀sán dání. Ohun tó mú mi ṣiyè méjì nìyẹn. Irun àgbọ̀nrín ló sì wà lára ọta tí wọ́n yọ nínú ògiri. Ọta yẹn ti gba ara ẹran kọjá kó tó kan gíláàsì. Ìfun ẹran náà wà létí pápá, níbi tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn. Ọmọ Philadelphia ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ìfun àgbọ̀nrín. Ọmọ ibí ló ṣe é, torí ọmọ ibí ò lè fi ẹran sílẹ̀ kó bàjẹ́. Àwọn ọlọ́pàá wà ní gáréèjì yín báyìí, ọ̀gá. Ẹ̀jẹ̀ ẹran yẹn àti ti ìfun yìí, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀."

"Àṣìṣe ni," ni Strayer wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Láti oṣù Keje ni mo ti ń ṣọ́ ẹran yẹn. Mi ò mọ̀ pé ọta náà dé ilé ìwé."

"Títí di àárọ̀ Túsìdeé, àṣìṣe ni. Láti ìgbà náà, ẹ mọ̀."

"Ọmọdé ni. Wọ́n á tú u sílẹ̀ tá a bá ti dìbò tán. Ta ló máa jẹ́ kí n kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ tí mo bá jẹ́wọ́?"

Ní ìlà ẹ̀yìn, Odessa dìde, ó ń wọ kóòtù rẹ̀. Hudak wo Noll, Noll sì fa fóònù yọ, ó pe àgọ́ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọmọ náà. Ọlọ́pàá méjì mú Strayer jáde. Kò tíì dé ìta tí ìjà ti tún bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn.

"Ẹnì kan ṣìṣe, ìyẹn ò ní ká má fún tíṣà ní ìbọn," ọkùnrin kan wí.

"Ẹni tó ń kọ́ gbogbo yín nìyẹn," Míìsì Wirth dá a lóhùn láti ibi tó jókòó sí.

"Ìwọ dákẹ́."

Arábìnrin Hetrick lu tábìlì títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó rí Odessa tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ, ojú tì í díẹ̀, ó sì ké sí i.

"Ìyá Micah, ẹ má bínú. Ṣé a máa rí i nílé ìwé lọ́la?"

Odessa dúró. Ó wo gbọ̀ngàn náà, àwọn tó wà lápá ọ̀tún ti dìde sí àwọn tó wà lápá òsì, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ń wò ó.

"Ilé ìwé wo?" ó bèèrè, ó sì lọ mú ọmọ rẹ̀.